Ìlù Len àti Àtùpà Pip

Ìró tí mo fi kọ́kọ́ mọ Len Twyman kì í ṣe ìró ìlù. Ìró òòlù onígi ni. Kó, kó, ko-kó. Kó, kó, ko-kó. Etí òkun ní Whitstable, ní England, ni, níbi tí àwọn bàbá rẹ̀ ti ń kan ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó bí bàbá tèmi. Wọ́n á ki òwú sí àárín pákó kan àti èkejì kí omi má baà wọlé, wọ́n á wá fi òòlù àti irin pẹlẹbẹ gbá a mọ́ ibẹ̀. Gbogbo ọkùnrin tó kù ló ń gbá a bí ẹni tó fẹ́ parí iṣẹ́ kó lọ jẹun. Ti Len nìkan ló ń dún bí ẹni tó ń bi ọkọ̀ náà ní ìbéèrè, tó tún ń dúró díẹ̀ kó gbọ́ èsì. Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi ti ògiri, mo dúró. Ọmọ olùkọ́ ni mí, mo máa ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, mo sì mọ orin tó láti mọ̀ pé ohun tí mò ń gbọ́ yìí ti kọjá iṣẹ́ káfíńtà.

Ó ti pẹ́ o. Hobart ni mo wà báyìí, ní erékùṣù Tasmania ti Australia, ní ìsàlẹ̀ ayé pátápátá, níbi tí mo ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún tún dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Orí mi ti pá. Àwọn ọmọ-ọmọ mi rò pé irọ́ ni mò ń pa tí mo bá ní mo ti wọ ṣòkòtò olódòdó rí, tí àwọn ọmọge ń pariwo orúkọ mi. Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Orúkọ Jos ni wọ́n ń pariwo.

Jocelyn Ashdown lorúkọ Jos gan-an. Òun ló ń kọrin, òun ló ń ta gìtá, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Mo mú un lọ sí etí òkun kó wá gbọ́ òòlù Len. Ó jókòó sórí agbọ̀n ẹja kan, ó tẹ́tí, ó sì sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i.

"Ọ̀rẹ́, ṣé o ti lu ìlù rí?"

Len ò gbójú sókè. "Ìlù wo?"

"Ìlù èyíkéyìí."

"Rárá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti lù ú rí ni wọn ò mọ̀ ọ́n lù."

Bó ṣe di pé a pé mẹ́ta nìyẹn. A sọ ara wa ní Àkùkọ Irin, nítorí àkùkọ irin tó wà ní ṣóńṣó orí ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó máa ń yíjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń wá. Ìgbà náà ni orin onírànrán gbòde ní gbogbo England. Àwọn ọ̀dọ́ ò wá orin tí wọ́n máa jó sí mọ́. Wọ́n ń wá èyí tí wọ́n máa dùbúlẹ̀ gbọ́, tí ojú inú wọn á fi máa rí ilé tó ń yọ ìyẹ́. Orin kan ṣoṣo lè gùn débi pé tíì inú ife á ti tutù kó tó parí. Kò sì sí ohun tó burú nínú orin gígùn, bí onílù bá mọ ọ̀nà ilé.

Len mọ ọ̀nà ilé. Ohun kan ṣoṣo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu: ojú máa ń tì í. Ó ga, apá rẹ̀ gùn, etí rẹ̀ a máa pọ́n bí ẹnikẹ́ni bá wò ó pẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a ṣeré fún àwùjọ, ní gbọ̀ngàn kan ní Faversham, ó rí àwọn èèyàn tó jókòó níwájú, ọwọ́ rẹ̀ sì dì gbagidi. Jos ń fi ẹ̀fẹ̀ tan àwọn èèyàn jẹ, èmi ń tẹ ohùn kan náà ṣáá, a ń dúró de Len. Kò dé. Nígbà tó yá ó dìde, ó gbá gbogbo ìlù rẹ̀ mú, ó ń yí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi kọ ẹ̀yìn sí gbọ̀ngàn, tó dojú kọ ògiri. Ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, ó sì lù ú dáadáa.

"Ṣé ẹ̀yìn rẹ lo fẹ́ kí àwọn èèyàn máa sanwó wò ni?" Jos bi í nígbà tí a ń kó ẹrù.

"Ẹ̀yìn mi dáa ju ojú mi lọ," ni Len wí. "Lọ béèrè lọ́wọ́ màmá mi."

Láti ọjọ́ náà, ògiri ló ń lu ìlù fún. Níwájú ògiri sì ni Pip ti bá a.

Philippa Goodsell ni Pip, ó ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní Canterbury. Ó wọlé tọ̀ wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí a ń dánrawò, ó gbé àtùpà kan tó lágbára dání, irú èyí tí wọ́n fi ń ju àwòrán sára ògiri nílé ẹ̀kọ́, àpò rẹ̀ kún fún dígí ojú aago tí àwọn tó ń tún aago ṣe ti jù nù. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó da omi díẹ̀ sínú dígí kan, ó da òróró aláwọ̀ pupa àti ti ewé sí i, ó fi dígí kejì bò ó, ó gbé e síwájú iná. Ògiri tó wà níwájú Len sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí. N kò mọ bí mo ṣe tún fẹ́ sọ ọ́. Àwọ̀ náà ń fẹ̀, ó ń súnkì, roboto kan á bí roboto mìíràn, èkejì á sì bẹ́.

Len ń lu ìlù lọ. Ìgbà tó yá mo ṣàkíyèsí pé bí roboto kan bá ti bẹ́ lára ògiri, ó ti gbá kímbálì, idẹ pẹlẹbẹ ẹ̀gbẹ́ ìlù rẹ̀. Bí àwọ̀ bá ń wọ́ lọ́ra, ọwọ́ rẹ̀ á máa wọ́. Bí iná bá ti ń mú òróró gbóná, tí àwọ̀ ń yára, òun náà á yára, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kékeré. Bí Pip bá yí dígí padà sí èyí tó tutù, á rọ̀ wálẹ̀.

Jos fi ẹnu rẹ̀ mọ́ etí mi. "Kí ló ń ṣe bọ̀ọ̀dá yìí?"

"Má dá a lẹ́kun. Ṣáà máa tẹ̀ lé e."

Ọ̀nà iṣẹ́ wa nìyẹn. Nínú ẹgbẹ́ yòókù, ẹni tó ń darí iná ló ń tẹ̀ lé olórin. Lọ́dọ̀ tiwa, iná ló ń ṣáájú, Len á tẹ̀ lé iná, àwa á tẹ̀ lé Len. Ẹnikẹ́ni kì í ka ọ̀kan-méjì-mẹ́ta kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Pip á tan àtùpà, a ó sì dúró de ìgbà tí òróró bá kọ́kọ́ mira.

A gòkè lọ sí London. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan wà tí a ti máa ń ṣeré lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ilẹ̀ rẹ̀ tutù, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àlòkù sí i, àwọn èèyàn á dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù wọn. Òkìkí wa kò tó ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, àmọ́ ti Len ń kàn láàárín àwọn onílù. Wọ́n á wá, wọ́n á lọ dúró sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ ògiri kí wọ́n lè rí ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin ńlá onírùngbọ̀n kan, bi í pé kí ló ń kà lọ́kàn tí kò fi ń sọnù.

"N kì í ka nǹkan kan," ni Len wí, etí rẹ̀ ti pọ́n. "Mo ń wò ó ni."

"O ń wo kí ni?"

"Òróró."

Ọkùnrin náà wò mí. "Ṣé ó mutí ni?"

"Tíì nìkan ló ń mu," ni mo wí. "Ó burú jùyẹn lọ."

Nígbà tó di pé àwọn kan fẹ́ gbé wa jáde lórí àwo orin, wọ́n mú wa lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Penfold ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdarí, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó de táì, tó ti gba ohùn ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àwọn aláwàdà sílẹ̀ rí. Ó rí àtùpà Pip, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ohùn la ń gbà síhìn-ín. Ta ló fẹ́ wo ògiri?"

"Onílù wa ni, sà," ni Jos wí.

"Ṣé kò lè lù ú láìwo ògiri ni?"

Ó gbìyànjú. Wọ́n pa àtùpà, Len jókòó, ó lù ú, ohun tó jáde dà bí òòlù àwọn tó kù ní etí òkun ọjọ́sí. Ọ̀gbẹ́ni Penfold kò bínú. Ó ní ká lọ mu tíì. Nígbà tí a padà dé, ó ní kí Pip gbé àtùpà rẹ̀ wọlé, kí ilé ṣáà má jóná. Pip tàn án, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ fáànù inú àtùpà náà, wùùùù, bí oyin nínú agolo. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Ó ṣì ń ké.

"Ẹ pa fáànù yẹn," ni ọ̀gbẹ́ni Penfold wí láti ẹ̀yìn dígí ńlá yàrá ìdarí rẹ̀.

Pip ní, "Sà, fáànù yẹn ló ń mú iná tutù."

"Orin kan péré ni. Iná ò ní kú."

Wọ́n pa fáànù. Kò sí ẹni tó rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò rò ó. A bẹ̀rẹ̀ orin wa tó gùn jù, èyí tó gba odindi ojú kejì àwo náà. Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àmọ́ àtùpà tí kò ní fáànù máa ń gbóná ju èyí tó ní fáànù lọ. Òróró náà ò dúró kó mí bó ṣe máa ń mí. Ó ń hó. Roboto ń bẹ́ lórí roboto, àwọ̀ ń sá kiri ògiri, Len sì ń lé wọn. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Jos fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín sí mi, ó ń ta gìtá bí ẹni tí wọ́n ń fi omi tútù wẹ̀. Ibi tí a ń sá lọ, n kò mọ̀, inú mi sì dùn. Ló bá di kẹ́! Dígí aago náà là sí méjì. Ògiri ṣókùnkùn. Len gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kò sọ wọ́n kalẹ̀ mọ́. Orin parí síbẹ̀.

Nínú yàrá ìdarí, ọ̀gbẹ́ni Penfold tún bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀," ni ó wí, "pé eré tí ẹ fi parí orin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì eré tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Jos wí. "Ṣé ó dùn?"

"N kò mọ̀." Ó tún gíláàsì rẹ̀ wọ̀. "Ó dà bíi pé ó dùn. Ẹ lọ sílé."

Àwo náà jáde. Kò tà púpọ̀. Ìwé ìròyìn olórin kan kọ nípa rẹ̀, ìwọ̀nba ìlà díẹ̀, mo sì rántí wọn ju orúkọ ẹni tó kọ wọ́n lọ. Ó ní onílù Àkùkọ Irin sáré bí ẹṣin tó gbóòórùn koríko ilé, pé àwọn méjì tó kù ń mí hẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wọ́ wọn bí àpò ọ̀dùnkún. Inú mọ́tò Pip ni Len ti kà á. A ń jẹ ẹja díndín àti ọ̀dùnkún, fínígà ti rin bébà rẹ̀. Ó kà á tán, ó ká ìwé náà, ó fi í nu ọwọ́.

"Àtùpà ni," ni mo sọ fún un. "Gbogbo wa la mọ̀ pé àtùpà ni."

"Àtùpà ò lọ́wọ́, Clem. Ọwọ́ tèmi ló yára."

"Ta ni wọ́n wọ́? Èmi ni àpò ọ̀dùnkún ni?" Jos béèrè.

"Ìwọ lo ń jẹ ẹ́ jù," ni Pip wí, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Len náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí a tún fẹ́ ṣeré lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó kọjú ìlù rẹ̀ sí àwùjọ. Etí rẹ̀ pọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń ka ọ̀kan-méjì-mẹ́ta.

Kò lu òróró mọ́ láti ìgbà náà. Pip fara dà á fún ìgbà díẹ̀, ó ń tan iná rẹ̀ sẹ́yìn wa bíi ti ẹgbẹ́ yòókù, lẹ́yìn náà ó lọ fẹ́ àgbẹ̀ kan ní Wales tó ń sin àgùntàn. Orin onírànrán náà kò pẹ́ lọ, bí gbogbo àṣà ṣe máa ń lọ. Jos ń kọrin nílé ọtí. Èmi rí iṣẹ́ dùùrù títúnṣe nínú ìwé ìròyìn, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ayé.

Len ló ṣiṣẹ́ ìlù títí ọjọ́ ogbó. Ó lu ìlù fún àwọn tó ń jó nínú ọgbà ìsinmi ní Margate. Ó lù ú nínú ọkọ̀ òkun ńlá tó ń gbé àwọn olówó lọ wo yìnyín ní Norway. Ó lù ú fún eré Kérésìmesì nínú tíátà, níbi tí onílù gbọ́dọ̀ gbá kímbálì gẹ́rẹ́ tí aláwàdà bá fi ìdí jókòó sórí àkàrà òyìnbó. Kò kùnà rí. Àwọn olórin sọ ọ́ ní Len Aago. Wọ́n ní o lè fi ìlù rẹ̀ mọ ìgbà tí ẹyin bá jinná. Nínú káàdì Kérésìmesì tó fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dọọdún, ó máa ń fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀: Len Aago. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Èmi ni kò dùn mọ́.

Jos kú. Mo sunkún lórí fóònù, Len náà sunkún lórí fóònù, a sì ń bú Jos pé ó tún ṣáájú.

Ọdún tó kọjá ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Farrant, kọ̀wé sí mi láti London. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ kékeré ń tún àwọn àwo àtijọ́ gbé jáde, wọ́n sì ti rí téèpù wa. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ń wá a lójú méjèèjì. Ó tún ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wà báyìí tó lè mú ìlù tó ń sáré kó máa rìn déédéé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kò ní hàn pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọ̀gbẹ́ni Twyman fúnra rẹ̀ ló béèrè fún un, ó sì fẹ́ ẹ gan-an. Ìyàwó olóògbé Ashdown ní ohun tí àwa méjèèjì bá fẹ́ ni òun fara mọ́. Ó kù sọ́wọ́ mi. Ṣé kí wọ́n máa bá a lọ?

Mo pe Len. Ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ mi, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì àárọ̀.

"Clem! Ṣé àwọn kàngárù ò tíì gbé ọ mì?"

"Ewéko ni wọ́n ń jẹ, ìwọ arúgbó yìí. Kí ni mo gbọ́ pé o fẹ́ fi àwo wa ṣe?"

Mo gbọ́ ṣíbí nínú ife.

"Mo fẹ́ kó tọ́. Ṣé ìyẹn náà di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Ó tọ́ bó ṣe wà."

"Kò tọ́. Gbọ́, Tamsin ń lu ìlù." Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ni Tamsin, ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga olórin. "Ó mọ̀ ọ́n lù, Clem. Ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Gbogbo nǹkan tí mo lù nínú ọkọ̀ òkun àti ní tíátà, ta ló gbà á sílẹ̀? Ó ti lọ. Àwo kan ṣoṣo ni orúkọ mi wà lára rẹ̀, òun náà ló jẹ́ èyí tí mo ti sáré bí òmùgọ̀. Dókítà ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn bí ọkàn mi ṣe ń lù báyìí. Ọkàn Len Aago! Inú mi ò ní dùn kí n kú, kí ọmọ yẹn wá máa gbọ́ ìsáré yẹn."

Ọwọ́ rẹ̀ ni. Òun ló lù ú. Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó.

Farrant fi èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tún ṣe ránṣẹ́ kí n tọ́ ọ wò. Mo fi ẹ̀rọ ìgbọ́ orin sétí, mo jókòó sí ojú fèrèsé, mo ń wo òkè tó wà lókè ìlú wa. Ìlù náà ń rìn déédéé lóòótọ́. Ó dára bí ilẹ̀ tí wọ́n fi bíríkì tẹ́. Mo ń gbọ́ ara mi lórí dùùrù, mo wà níbi tó yẹ kí n wà, bí ọmọ ilé ìwé. Ìgbà tí Jos bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ni n kò mọ ohun tó ṣe mí. Jos máa ń mí sínú gan-an kó tó gbé ohùn ìkẹyìn sókè, èémí ńlá kan, bí ẹni tó fẹ́ bẹ́ sómi. Ẹ̀rọ náà ti gé èémí náà sí kékeré kó lè bá ìlù mu. Ọkùnrin náà ti kú, wọ́n sì tún gbà lára èémí rẹ̀.

Síbẹ̀ n kò lè dá Farrant lóhùn. Bí mo bá ní rárá, mo ti gba ohun tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dọ́mọkùnrin inú orin yẹn, tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, kò ní sí níbì kankan mọ́. Farrant tún kọ̀wé. Ó tún kọ ọ́. Ìyàwó mi ní kí n ṣáà dá ọmọ ọlọ́mọ lóhùn. Mo ń lọ gé koríko.

Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kí n béèrè ni mo wá béèrè kẹ́yìn. Mo tún pe Len.

"Ìgbà wo lo gbọ́ àwo yẹn kẹ́yìn?"

"Èwo ni ìgbà wo?"

"Dáhùn."

"N kò gbọ́ ọ rí." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun kì í jẹ àlùbọ́sà. "Mo ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Ìyẹn tó mi."

"Ìwọ Leonard yìí! O lu ìlù nínú àwo, o ò gbọ́ ọ rí? Láti ìgbà yẹn?"

"Ṣé o máa ń ka ìwé tí ilé ìwé fi lé ọ lọ ni?"

"Wọn ò lé mi lọ."

"Ó yẹ kí wọ́n lé ọ."

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan péré, èyí tí ẹ̀rọ ò tíì fọwọ́ kàn, lẹ́yìn náà ohunkóhun tó bá wí ni mo máa kọ sí Farrant. Ó kùn, ó ní tíì òun máa tutù. Ó pe Tamsin kó wá bá òun tan ẹ̀rọ, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo gbọ́ ọmọ náà tó wí pé, "Bàbá àgbà, ẹ má fọwọ́ kan ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Ló bá di pé orin náà bẹ̀rẹ̀ ní ilé wọn ní Kent, mo sì ń gbọ́ ọ nínú fóònù ní Hobart, tínrín, bí ẹni tó ń kọrin nínú kànga.

Nígbà tí eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í le, mo gbọ́ tí Len mí kanlẹ̀, mo mọ̀ pé ojú ń tì í. Mo fi fóònù mọ́ etí mi dáadáa.

"Dúró," ni ó wí lójijì. "Tamsin, dá a padà sẹ́yìn. Síwájú díẹ̀. Síbẹ̀."

Ó tún gbọ́ ibẹ̀. Ó tún ní kí ọmọ náà dá a padà.

"Clem, ṣé o gbọ́ gìtá yẹn?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Jos ló ṣáájú." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Gbọ́ ọ. N kò tíì débẹ̀, ó ti kúrò níbẹ̀. Èmi ni mò ń lé e! Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti rò pé mo ń wọ́ yín nílẹ̀. Ọmọ ẹni ibi yìí, òun ló ń sáré!"

"Ó máa ń ṣáájú," ni mo wí. "O mọ̀ ọ́n."

Ó ń rẹ́rìn-ín, àbí ó ń sunkún ni, fóònù ò jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Wọ́n jẹ́ kó dé òpin, dé ibi tí dígí ti là. Tamsin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó béèrè bóyá àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé a ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Len ní, "Kọ kí ni? Jókòó jẹ oúnjẹ rẹ." Ó padà sórí fóònù.

"Ó yára, Clem. N kò ní purọ́ fún ọ, ó yára jù. Bí ẹnì kan bá lu ìlù báyìí lọ́dọ̀ mi ní tíátà, mo máa lé e lọ sílé."

"Kí ni kí n wá kọ sí wọn?"

"Bí wọ́n bá fa eré ìlù mi sẹ́yìn, wọ́n máa fa Jos náà sẹ́yìn, àbí?"

"Wọ́n ti fà á sẹ́yìn. Mo gbọ́ ọ. Wọ́n gé èémí rẹ̀."

Mo gbọ́ tó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀.

"Má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan Jos," ni ó wí. "Èmi náà, kí wọ́n fi mí sílẹ̀ níbi tí mo wà. Kí Tamsin máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ náà, wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó dàbọ̀, tíì mi ti di yìnyín."

Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kí oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ tó délẹ̀. Mo ti kọ oríṣiríṣi nǹkan gígùn sí Farrant rí, lórí iná, lórí òróró, lórí irú èèyàn tí a jẹ́ nígbà náà, n kò fi ìkankan ránṣẹ́. Èyí tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ọ̀gbẹ́ni Farrant, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Èmi àti Len ti jọ gbọ́ ọ. Len ní ìlù náà yára jù, ó sì ní kí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lè nu eruku kúrò lára téèpù, àmọ́ ẹ má ṣe yí ohun tí a ṣe padà. Clement Pask."